Ta Ló Yẹ Kó Wo Ẹ̀yìn?

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn ilé ìwé ṣí padà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti oṣù kẹta ọdún yẹn ni wọ́n ti tì wọ́n pa nítorí àrùn kòrónà. Ẹ wo bí oṣù mẹ́fà ṣe pọ̀ tó ní ayé ọmọ ọdún méje. Eyín iwájú ti lè yọ, kí òmíràn sì ti hù. Bàtà tó wọ̀ délé lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ lè má gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọmọ ti yí padà, ṣùgbọ́n kíláàsì tó padà sí kò yí padà. Pátákó ìkọ̀wé wà níbi tó wà, ìwé síkíìmù wà lórí tábìlì tíṣà, ìbéèrè kan sì ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà: "Kí lo ti gbàgbé?"

Ìbéèrè yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò. Téèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò jọ pé ó burú. Àmọ́ tí a bá tú u palẹ̀, a óò rí i pé ó ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ tẹnu ọmọ. Ó ti gbà pé ọmọ ló jẹ gbèsè, pé ilé ìwé ni olówó, àti pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé láàárín oṣù mẹ́fà, òfo ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Nígbà tí ọmọ bá ti ilé padà sí ilé ìwé, ta ló jẹ ta ní gbèsè?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tó ti le jù. Makun-Omi wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, lápá ibi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti pàdé omi. Ìlú etí omi ni, bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ. Ẹja pípa, ẹja yíyan àti ẹja títà wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lágbègbè náà, ọkọ̀ ojú omi sì jẹ́ ohun tí ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ bí ọmọ Èkó ṣe mọ dánfó. Ní ọdún 2020, ó ti pé ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ará Ogun Waterside ti ń ké gbàjarè pé àwọn ò rí iná mànàmáná.

Nígbà tí kónílé-ó-gbélé dé, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Ogun DigiClass. Àwọn tíṣà ń kọ́ ọmọ lórí tẹlifíṣọ̀n OGTV. A ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ kíákíá ni, ó sì ran àwọn tó ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n tó wọ ọmọ lórí, tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà, iná gbọ́dọ̀ wà, ọmọ gbọ́dọ̀ ráyè jókòó lásìkò yẹn gan-an, ẹnì kan tó mọ̀wé sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí tó máa sọ pé, "Jókòó, jẹ́ kí n tún un ṣàlàyé fún ẹ."

Nítorí náà, ohun tí à ń pè ní "ẹ̀kọ́ láti ilé" ní ọdún 2020, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ọmọ kan wà ní Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé wọn, tí dátà wà lórí fóònù ìyá rẹ̀, tí tíṣà lẹ́sìnì sì ń wá ní ìrọ̀lẹ́. Òmíràn wà létí omi tí kíláàsì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n tó ya tí wọ́n ń tún ṣe, ẹja tí wọ́n ń ṣà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó tí wọ́n ń kà lálẹ́. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, àwọn méjèèjì wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ki orí bọ ìwé ẹ̀kọ́ kan náà. Ìwé yẹn ò sì mọ ìyàtọ̀.

Àwọn àgbà wa ní, bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé òun dìde. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kó lè mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Ní ọdún 2020, tọmọdé tàgbà la jọ ṣubú. Ẹ wá wo ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà: a yí òwe yẹn sódì. A ní kí ọmọdé máa wo ẹ̀yìn, kó ka ohun tó ti sọnù, kó ṣàlàyé ìdí tí kò fi mọ ìsọdipúpọ̀ mọ́. Àwa àgbà ni a wá kọjú síwájú, tí a ń pariwo pé ọ̀la ti dé, táàmù tuntun ti dé, ẹ jẹ́ ká sáré.

Kí ló fà á tí a fi ní kí àgbà wo ẹ̀yìn? Ìwádìí kan wà láti orílẹ̀-èdè Pakistan tó dáhùn ìbéèrè yìí ju bí a ṣe lè dáhùn rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ilẹ̀ mì tìtì ní àríwá orílẹ̀-èdè náà. Ó lé ní 70,000 èèyàn tó kú. Ilé ìwé wó, àwọn ọmọ tó wà nítòsí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sì jókòó sílé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Tahir Andrabi, Benjamin Daniels àti Jishnu Das, ṣàyẹ̀wò bí àwọn ìdílé náà ṣe ń ṣe. Ìrànwọ́ owó ti dé. Wọ́n ti kọ́ ilé padà. Àwọn ọmọ ti padà sílé ìwé. Téèyàn bá fojú lásán wò ó, ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà ní ìdánwò, àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti mì fi nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀yìn sí àwọn tó jìnnà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò yẹn dáadáa. Ọ̀sẹ̀ 14 ni wọ́n fi wà nílé, ìyẹn oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi rẹ̀yìn. Ibo ni ìyókù ti wá? Kò lè jẹ́ ilé, torí pé wọn ò sí nílé mọ́. Inú kíláàsì ni wọ́n ti ń pàdánù rẹ̀ lọ, lójú tíṣà, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti dúpẹ́ pé wọ́n ti padà.

Bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó lóye. Kíláàsì tẹ̀síwájú láti ibi tí síkíìmù sọ pé ó yẹ kó wà. Ọmọ tí kò tíì mọ pínpín, wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìdá. Torí pé kò mọ pínpín, kò mú ìdá. Torí pé kò mú ìdá, ìpín nínú ọgọ́rùn-ún di òkùnkùn sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lójoojúmọ́ ló ń wá, lójoojúmọ́ ló ń dáhùn "present sir", ọ̀rọ̀ sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ihò kékeré tó gbé bọ̀ láti ilé, ilé ìwé ló sọ ọ́ di kòtò. Àwọn olùwádìí náà tún rí nǹkan mìíràn: àwọn ọmọ tí ìyá wọn kàwé parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò pàdánù bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé ẹnì kan wà nílé tó ń dí ihò náà lálẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé ńkọ́?

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí kò ju èyí lọ: lọ́jọ́ tí ọmọ bá padà, gbèsè kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó bọ́ sí ọrùn ilé ìwé àti ọrùn àwa àgbà. Kì í ṣe torí pé ọmọ kò rẹ̀yìn. Ó lè rẹ̀yìn. Torí pé láti ọjọ́ náà lọ, ohun tó bá tún pàdánù, ọwọ́ wa ló ti sọnù.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe, ìyẹn kíkọ ètò sórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, ti mú ká máa bá irú ọ̀rọ̀ yìí jà lójoojúmọ́. Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń fi áàpù orí fóònù kọ ọjà tó ń tà sílẹ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ń tajà lọ, fóònù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dé. Àkọsílẹ̀ ti di méjì: ti ọwọ́ ìyá, àti ti ilé iṣẹ́ tó ni áàpù. Áàpù burúkú máa gbé ti ilé iṣẹ́ lé ti ìyá lórí, ọjà ọjọ́ mẹ́ta á sì parẹ́ bí ẹni pé kò tà á rárá. Áàpù tó dáa máa kọ́kọ́ béèrè: níbo la ti jọ wà kẹ́yìn? Kí ló yí padà lọ́dọ̀ rẹ láti ìgbà náà? Kí ló yí padà lọ́dọ̀ tèmi? Níbi tí méjèèjì ò bá ti takora, á kó wọn pọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti takora, á pe èèyàn pé kó wá wò ó. Kò sì sí ẹni tó máa ní fóònù ló jẹ̀bi torí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ.

Ọmọ kì í ṣe fóònù o. Fóònù kì í tijú. Tí áàpù bá pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí fóònù, fóònù ò ní sunkún, kò sì ní pinnu pé òun ò ní kọ nǹkan sílẹ̀ mọ́ láyé. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé ohun tó gbé bọ̀ láti ilé kò já mọ́ nǹkan máa gbé e pamọ́. Ó lè gbé ara rẹ̀ pamọ́ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ṣètò kíláàsì lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni.

Kí ni ọmọ etí omi gbé bọ̀ gan-an? Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, gbé ìwádìí kan jáde láti ìlú Recife ní Brazil. Wọ́n lọ bá ọmọ márùn-ún tó ń tajà lọ́jà àti lójú pópó, wọ́n ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó. Nínú ìṣirò 100, àwọn ọmọ náà gba nǹkan bí 98. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sórí ìwé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé ìwé. Àwọn ọmọ kan náà gba nǹkan bí 37. Orí wọn ò yí padà láàárín ọjà sí orí ìwé. Afárá tó yẹ kó so méjèèjì pọ̀ ni kò sí.

Ẹ wá ronú nípa ọmọ kan ní Makun-Omi tó fi oṣù mẹ́fà bá ìyá rẹ̀ ta ẹja. Ó mọ iye tí ẹja méjìlá máa jẹ́ tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ mẹ́wàá. Ó lè fúnni ní ṣéńjì láìlo bírò. Ó mọ̀ pé ẹja tí kò tíì tà ní ìrọ̀lẹ́, owó rẹ̀ ti ń wálẹ̀ nìyẹn. Ó padà sí kíláàsì, wọ́n gbé ìwé ìdánwò síwájú rẹ̀, ó sì dá a padà ní òfìfo. Tíṣà kọ odo sí i. Tíṣà ò purọ́, odo ló wà lórí ìwé. Àmọ́ odo yẹn kò sọ ohun tó wà nínú ọmọ. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kankan ò tíì fi hàn án pé ohun tó ń ṣe lọ́jà àti ohun tó wà lórí pátákó, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Èdè wà lára afárá yẹn. Láti ọdún 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán nǹkan kan wò ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ ní ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ti fi oṣù mẹ́fà sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, tó fi ń ra, tó fi ń tà, tó fi ń jà, tó fi ń bẹ̀bẹ̀, tó bá padà sí kíláàsì, kí tíṣà fi èdè yẹn gbà á lálejò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè ba nǹkan jẹ́.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé ọgbọ́n ẹja tó. Àwọn kan wà tó ń jókòó sínú ilé oní-AC, tí wọ́n ń yin "ìmọ̀ ìbílẹ̀" ọmọ tálákà, tí ọmọ tiwọn sì ń lọ ilé ìwé olówó gọbọi. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀, ìwà ìkà ló wọ aṣọ ẹ̀yẹ. Àwọn òbí etí omi pàápàá kò gba irú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000 lọ́dún tó ṣáájú, ó di ohun tó lé ní 811,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóko, létí omi tàbí lọ́jà. Àwọn òbí yọ ọwọ́ wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n sì fà wọ́n lé tíṣà lọ́wọ́. Àdéhùn ni. Ilé yá ilé ìwé ní ọmọ, pẹ̀lú ìrètí pé ilé ìwé á fún ọmọ ní ohun tí ilé ò ní. Òbí tó tún mú ọmọ kúrò nídìí àwọ̀n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, tó dá a padà sílé ìwé, àdéhùn yẹn ló tún ṣe. Ó yẹ kí ilé ìwé náà tún tirẹ̀ ṣe.

A ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn bá kọ̀ láti gba ọmọ bó ṣe padà dé. Ní Sierra Leone, wọ́n ti àwọn ilé ìwé pa ní ọdún 2014 nítorí Ebola. Orí rédíò ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2015, ilé ìwé ṣí. Láàárín àkókò tí ilé ìwé fi wà ní títì, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti lóyún. Ìjọba wá ní àwọn tí oyún wọn ti hàn kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn yòókù, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bá wọn ṣèdánwò. Ẹ gbọ́ ohun tí òfin yẹn ń sọ: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ nígbà tí a ti ilẹ̀kùn, ìwọ ni wàá san án. Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ ECOWAS tó dájọ́ pé ìwà ìyànjẹ ni, ìjọba sì fagi lé òfin náà lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020. Ó ti tó ọdún márùn-ún. Ọmọ ọdún 15 ti di ẹni 20.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹnì kankan ò nílò òfin kó tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tó kí tíṣà ní kí àwọn tó rẹ̀yìn lọ jókòó sẹ́yìn. Ó tó kí wọ́n ní kí ọmọ lọ mú owó táàmù tí ẹnì kankan ò kọ́ ọ wá kó tó wọlé. Ó tó kí wọ́n fi ọmọ ọdún 11 sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ kí gbogbo èèyàn sì máa pè é ní bàbá kíláàsì. Ọmọ náà á padà sídìí àwọ̀n, a ó sì ní kò nífẹ̀ẹ́ ìwé.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ìdánwò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká rántí. Oṣù kẹrin ọdún 2020 ló yẹ kí ìdánwò WAEC bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ló tó bẹ̀rẹ̀. WAEC tí a ní kì í dúró, ó dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan gbogbo èèyàn, a rí ààyè. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ bá kàn lóun nìkan ni a kì í rí ààyè fún.

Wọ́n tún lè sọ pé tíṣà kan tó ní ọmọ 60 níwájú kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, a ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ àwọn kan ti ṣe é níbi tí kò sówó. Ní Íńdíà, ẹgbẹ́ Pratham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mumbai lọ́dún 1995, máa ń jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kàwé sókè fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣé ó mọ lẹ́tà? Ṣé ó lè ka ọ̀rọ̀ kan? Ìpínrọ̀ kan? Ìtàn kékeré kan? Lẹ́yìn náà, fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, wọ́n á pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn. Ìyókù ọjọ́, kíláàsì á máa lọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n ti dán irú ètò yìí wò ní Áfíríkà náà, títí kan Nàìjíríà. Kò gba kọ̀ǹpútà. Àwa tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà la fi ń jẹun la sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní a fẹ́ ba ọmọ jẹ́, pé ìyà ló ń kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin tó wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2022, ẹ̀yin lẹ lè dá wọn lóhùn. ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì lọ́jọ́ 14 oṣù kejì, wọ́n sì dá a dúró lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ẹ padà, ẹni mélòó ló bi yín léèrè ohun tí ẹ fi oṣù mẹ́jọ ṣe? Àwọn kan ti kọ́ aṣọ rírán, àwọn kan ti mọ kódù kíkọ, àwọn kan ti ń bọ́ òbí. Ohun tó pàdé ọ̀pọ̀ yín ni ìdánwò àti àsáyínmẹ́ǹtì lórí ohun tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn ṣáájú ìyanṣẹ́lódì. Ẹ rántí bó ṣe rí lára yín. Àgbà ni yín, ẹ sì ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà létí omi, sísunkún tàbí àìwá ló máa fi sọ tirẹ̀.

Kí wá ló yẹ ká ṣe? Kò pọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí tíṣà béèrè kó tó dán ọmọ wò. "Kí lo ṣe nílé? Kí lo mọ̀ báyìí tí o ò mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Kó jẹ́ kí ọmọ fi Yorùbá dáhùn. Kó fi ohun tí ọmọ bá sọ ṣe ìṣirò ọjọ́ kejì: àpẹẹrẹ ẹja fún ọmọ ẹlẹ́ja, àpẹẹrẹ gàárì fún ọmọ onígàárì. Kó pe ìyá ọmọ, kó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó sì bi í pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí pé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe?" Ọ̀pọ̀ ìyá ni ilé ìwé ò tíì bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Owó àti ẹjọ́ ni wọ́n fi ń pè wọ́n.

Ilé náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó ti ń sùn nígbà tó wù ú fún oṣù mélòó kan nílò kí wọ́n dá oorun rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kó tó di àárọ̀ ọjọ́ ìwọlé. Kò yẹ ká fi tíṣà dẹ́rù bà á pé, "Jẹ́ kí o débẹ̀, wọ́n á rí ẹ." Tó bá sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò túmọ̀ sí pé ọ̀lẹ ni. Ó ti mọ ilé dunjú, ó tún fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ibòmíràn. Àwọn òbí tó fúnra wọn yàn láti kọ́ ọmọ nílé, tí wọ́n wá fẹ́ fi í sílé ìwé báyìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n pẹ̀lú. Kí wọ́n kọ ohun tí ọmọ mọ̀ sórí ìwé kan, kí wọ́n gbé e fún tíṣà. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí kò ti ibì kankan bọ̀.

Èyí tó wúwo jù ló kẹ́yìn. Lọ́jọ́ ìwọlé, ilé ìwé máa ń ka àwọn tó wá. Wọ́n á pe orúkọ, ọmọ á dáhùn, wọ́n á sàmì sí i. Orúkọ tí kò ní ìdáhùn, wọ́n á fa igi sí i, wọ́n á sì lọ sí èyí tó kàn. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹnì kankan ò ní pè é mọ́. Tí a bá gbà pé gbèsè wà lọ́rùn àwa àgbà, orúkọ tí kò dáhùn yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ mú dání. Kí ẹnì kan wọ ọkọ̀, kó lọ sílé ọmọ náà. Kó kí àwọn òbí rẹ̀. Kó bi wọ́n ohun tó ń dá a dúró, bóyá owó ni, bóyá ìtìjú ni, bóyá àbúrò kan wà tí kò sẹ́ni tó máa bá wọn gbé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tètè dáhùn. Kó tún padà lọ.

Kónílé-ó-gbélé ti lọ, ṣùgbọ́n ìdí tí ọmọ fi ń wà nílé kò tíì tán. Àìsàn wà, omíyalé wà, ìyanṣẹ́lódì tíṣà wà, àìlówó wà. Táàmù tuntun kò sì ní pẹ́ dé. Àbúrò yín kan, tàbí ọmọ aládùúgbò yín kan, á padà sílé ìwé lẹ́yìn tó ti pẹ́ nílé. Kẹ́ ẹ tó bi í pé kí ló gbàgbé, ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í kó sọ ohun tó mọ̀ fún yín.